Ẹsẹ̀ Bàtà Kan ní Nukafu

Kí n tó kúrò nílé

Ẹ̀yin ará Mọ́kọ́lá tí ẹ rí mi lọ́jọ́ tí mo dé, tí ẹ rí i pé ọwọ́ mi ṣófo, tí ẹ wá ń bá mi kẹ́dùn pé wọ́n ti gba ẹrù mi ní bodè, ẹ ṣeun. Ẹnikẹ́ni ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo lọ rà ní Lomé. Mo rí i, mo fọwọ́ kàn án, wọ́n tilẹ̀ ní kí n máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ láti ẹnu èmi gan-an, torí ìyàwó mi ti ń sọ ọ́ kiri, ẹ̀rín kì í sì í jẹ́ kí ó sọ ọ́ dé ìparí.

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ mi, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí àwọn sọ́fíyọ̀ fi ń wọn ilẹ̀ ni mo máa ń tún ṣe tí mo sì ń tà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni tiodoláìtì. Irin àti bàbà ni, kò ju ìkòkò ọbẹ̀ kékeré lọ. Awò gígùn kan wà lórí rẹ̀ tó ń yí sọ́tùn-ún àti sósì, tó sì lè ta kìtì sẹ́yìn. Wọ́n á gbé e ka orí ẹsẹ̀ igi mẹ́ta, sọ́fíyọ̀ á di ojú kan, á fi èkejì wo inú awò, á rí okùn tín-ín-rín méjì tó dábùú ara wọn. Ibi tí okùn yẹn bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni ààlà. Àwọn sọ́fíyọ̀ òde òní ti kó wọn dànù, ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń lò. Èmi ni mo ń ṣa èyí tí wọ́n kó dànù. Màá tú u, màá fọ̀ ọ́, màá tún ojú rẹ̀ ṣe títí yóò fi máa ríran ṣánṣán, lẹ́yìn náà màá tà á fún olówó kan tí yóò gbé e sí pálọ̀, tí kò sì ní fi wo ohunkóhun títí ayé.

Mo ní àléébù kan, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi kì í gbélẹ̀ bí mo bá rí ohun tó wọ́. Níbi òkú bàbá ìyàwó mi, nígbà tí gbogbo ilé ń sunkún, èmi ń tún fọ́tò bàbá náà gbé kọ́ sára ògiri nítorí igun rẹ̀ kan rẹlẹ̀. Wọn ò tíì dárí jì mí.

Làmídì, ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Hanoukopé ní Lomé láti ìgbà èwe wa, ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Tiodoláìtì bàbà kan dúró láàárín pálọ̀ lórí àpótí. Wọ́n dé fìlà ọkùnrin lé e lórí, wọ́n sì fi gíláàsì ojú kọ́ ọ níbi tí ọrùn ì bá wà. Làmídì ní opó kan ní Nukafu ló ni ín. Mo wo fọ́tò náà títí oúnjẹ mi fi tutù. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, mo ti wà ní Lomé.

Hédzranawoé

Ìkánjú wa ti Ìbàdàn kò wúlò ní Lomé rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ lè bèèrè iye ọjà kí ẹ tó kí ọlọ́jà. Níbẹ̀, wọ́n á kí yín, wọ́n á bèèrè ilé, wọ́n á bèèrè ọmọ, wọ́n á bèèrè bí ẹ ṣe sùn, wọ́n á wá dákẹ́ kí ẹ̀yin náà bèèrè tiwọn. Bí ẹ bá fo ọ̀kan, wọ́n á fi ojú àánú wò yín, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjà Hédzranawoé, níbi tí wọ́n ti ń ta gbogbo àlòkù tó wà láyé, ni Làmídì kọ́kọ́ mú mi lọ, bóyá a lè rí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí màá gbé ẹ̀rọ náà kà. Ọkùnrin kan ní ọ̀kan lóòótọ́, igi rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n báàfù ìfọwọ́ ló gbé lé e lórí. Mo ní ẹsẹ̀ tiodoláìtì ni. Ó ní ẹsẹ̀ báàfù ni. Mo fi ibi tí wọ́n máa ń de ẹ̀rọ mọ́ hàn án. Ó fi ibi tí wọ́n máa ń gbé ọṣẹ sí hàn mí. A tún kí ara wa. Ó wá sọ fún Làmídì ní èdè Mínà pé bí Ànàgó yìí bá fẹ́ ẹsẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ra báàfù pẹ̀lú rẹ̀, nítorí wọ́n ti mọ́ ara wọn lára, òun ò sì fẹ́ yà wọ́n. Bí mo ṣe ń gbé báàfù kiri ìlú onílùú nìyẹn.

Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa níbẹ̀, ì báà ṣe Ìbàdàn lẹ ti wá, ì báà ṣe Kétu. Lójú ọ̀sán, Làmídì ní ká lọ jẹ fùfú. Mo ní mi ò kì í jẹ fùfú lọ́sàn-án, ó máa ń jẹ́ kí oorun kùn mí. Wọ́n gbé e dé, ó funfun, ó ń dán, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti ẹran ewúrẹ́.

Mo ní, "Iyán rèé o."

Obìnrin tó ń tà á ní, "Mais non, Ànàgó. Fùfú ni."

"Ṣé iṣu kọ́ lẹ gún ni?"

"Iṣu ni. Kí lẹ̀yin fi ń gún fùfú tiyín?"

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, Làmídì fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Mo jẹ abọ́ méjì, ó sì dùn ju ti ilé mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi.

Omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń mu

Yanrìn ni gbogbo ojú pópó àdúgbò náà ní Nukafu, wọ́n sì gbá a tí ìlà ìgbálẹ̀ ń hàn lórí rẹ̀. Èmi àti Làmídì àti báàfù mi dúró lẹ́nu géètì. Obìnrin kan tó rẹlẹ̀, tó ya irun funfun rẹ̀ sẹ́yìn, ṣí i fún wa. Tántì Àfí nìyẹn, nítorí Tántì ni wọ́n máa ń pe àwọn ìyá níbẹ̀. Ọmọ Ìfẹ̀ ti Atakpamé ni, ó ti ṣe olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Èdè Ìfẹ̀ tiwọn, tó bá Yorùbá wa tan, ló ń sọ, ó sì ń fi Faransé bọ̀ ọ́ láàárín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìdajì ni mò ń gbọ́, nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti ń wọ̀ mí létí.

Mo ní, "Ẹ kú ilé, mà. Mo wá nítorí tiodoláìtì yín."

Ó ní, "Ẹ jókòó, Músíọ̀."

Mo jókòó. Mo tún ní tiodoláìtì ni. Ó gbé omi wá. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, mo ní nípa ti tiodoláìtì náà. Ó gba omi náà padà lọ́wọ́ mi, ó tún gbé e wọlé, ó tún gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìgbà yìí ni mo tó mu ún láìsọ̀rọ̀. Ó wá jókòó, ó gbọ́wọ́ lé ẹsẹ̀, ó ní, "Voilà. Kí ló gbé yín wá?"

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà wà láàárín wa, ó dé fìlà.

Ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Sọ́fíyọ̀ ni, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Jeomẹ́tà. Ó ti kú láti ọdún mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀rọ yẹn la ààlà láàárín ilẹ̀ tirẹ̀ àti ti aládùúgbò wọn, Èl-Hájì Mọ́míní, Nàgó láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó ń ta táyà. Láti ogún ọdún ni Èl-Hájì ti ń sọ pé ògiri àárín wọn wọ inú ilẹ̀ òun lápá ẹ̀yìn. Bàtà tirẹ̀ gan-an ló fi wọ̀n ọ́n. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà kan géérégé ni Jeomẹ́tà jí.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n mo fi etí mi gbọ́ èyí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Orí Èl-Hájì yọ lórí ògiri, ó dé fìlà funfun.

"Bonjour, Màdáàmù."

"Bonjour, Èl-Hájì."

"Ẹsẹ̀ bàtà mi ń kọ́? Ó jí dáadáa?"

"Ó wà, Èl-Hájì."

"Ẹ bá mi kí i."

Ogún ọdún rèé tó ti ń bèèrè àlàáfíà ilẹ̀ náà bí ẹní ń bèèrè ọmọ tó gbé sọ́dọ̀ ẹbí. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Nígbà tí mo bojú wo Tántì, mo gbé e mì.

Ó ní, "Ọjọ́ tí a sin ín, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Ilẹ̀ kò tíì bo àpótí rẹ̀ tán. Mo fẹ́ padà sí Atakpamé lọ́dọ̀ àbúrò mi, Músíọ̀. Mo ti di arúgbó, ilé yìí ti tóbi jù fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ níbí kí ó máa jẹ́ olè." Ó yọ fìlà kúrò lórí ẹ̀rọ náà. "Ẹ fi wo ògiri náà fún mi níwájú gbogbo wọn. Bí ó bá tọ́, ẹ máa gbé e lọ, mi ò fẹ́ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín."

Mo ní, "Bí kò bá tọ́ ńkọ́, mà?"

Ó ní, "Ẹ wò ó ná."

Ìyípo kan sí òsì

Mo gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, mo sì ṣe ohun tí mo máa ń ṣe sí gbogbo tiodoláìtì tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fọ bàbà rẹ̀, mo fi òróró tín-ín-rín kan ìdí rẹ̀, mo nu gíláàsì rẹ̀, mo sì dán ojú rẹ̀ wò. Bí a ṣe ń dán an wò kò ṣòro: ẹ óò wo àmì kan lókèèrè, ẹ óò da awò náà délẹ̀ kí ó ta kìtì, ẹ óò yí i wá, ẹ óò tún wo àmì yẹn. Bí ojú rẹ̀ bá tọ́, ibi kan náà ni okùn yóò bọ́ sí. Ti Jeomẹ́tà kò bọ́ síbì kan náà. Ó wọ́, ó wọ́ gan-an, ó dà bíi pé ó ti já lulẹ̀ rí.

Inú mi dùn, ẹ má purọ́ fún mi pé tiyín ò ní dùn. Mo mú sukudíráfà mi, mo yí súkúrúù tó di okùn náà mú, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tọ́. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í yí súkúrúù láìkọ iye tí a yí i sílẹ̀, torí náà mo kọ ọ́ sínú jọ́tà mi: ìyípo kan, sí òsì. Tántì gbé àbúlọ̀ gbígbóná, ìyẹn búrẹ́dì ìrẹsì tí wọ́n fi ooru sè, àti ẹja díndín wá fún mi. Mo fi ọwọ́ olóróró jẹ ẹ́ bí ọba.

A gbé e jáde sójú pópó. Mo gbé báàfù kúrò, mo gbé tiodoláìtì lé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo di ojú kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo iwájú fún ìdánwò. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, gbogbo àdúgbò ti jáde. Obìnrin tó ń din bọ̀tọ̀kọ́ìn, ìyẹn pọ́fùpọ́ọ̀fù tiwọn, ti ń tú ìbòrí ìsọ̀ rẹ̀. Bàbá kan ti kó ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wá nínú ọ̀rá. Ẹnìkan ti gbé àga sídìí mi, ẹlòmíràn ti bẹ́ àgbọn fún mi.

Mo bi Làmídì ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní níbí, bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi ojú kan wo ilé yín, lọ́la wọn óò wá fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sára ògiri, lọ́túnla katapílà á dé.

Mo kígbe pé, "Èmi kì í ṣe ìjọba o!"

Obìnrin bọ̀tọ̀kọ́ìn ní, "A mọ̀, Chef. Ẹ jókòó, Chef." Ọ̀gá ni Chef lédè wọn. Ó sì ń tú ìbòrí rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń búra tó ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá tó. Bàbá oníwèé ní òun kò rí i kí ẹni tí kì í ṣe ìjọba máa búra báyìí rí.

Báyìí ni gbogbo wọn ṣe tẹ̀lé wa wọ àgbàlá Tántì. Òkúta ààlà mẹ́ta ló yẹ kó wà lórí ìlà kan: ọ̀kan lẹ́bàá pópó, ọ̀kan ní àárín, ìkẹta ní ẹ̀yìn níbi tí ògiri parí sí. Méjì àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀ kí Jeomẹ́tà tó dé. Òun ló dúró lórí ti àárín, tó wo ti iwájú, tó da awò rẹ̀ délẹ̀ sẹ́yìn, tó sì fi ìkẹta sọlẹ̀ níbi tí okùn bọ́ sí. Mo dúró níbi tó dúró sí. Mo wo iwájú. Mo da awò délẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn.

Okùn kò bọ́ sórí ògiri. Inú ọgbà ẹ̀fọ́ Tántì ló bọ́ sí. Ògiri náà wà nínú ilẹ̀ Èl-Hájì lóòótọ́.

Èl-Hájì bọ́ bàtà rẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ́ ẹ sáàárín ìparí ògiri àti èèkàn tí mo ní kí Làmídì gún mọ́lẹ̀. Ó bá a mu, gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka.

Tántì Àfí jókòó sórí yanrìn níbi tó wà, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bojú. Mo rò pé Èl-Hájì á hó yèè, ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, ó ń wo obìnrin náà, kò sì mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo jí ilẹ̀ náà.

Jọ́tà

Wọ́n gbé àkúmẹ̀, ìyẹn ọkà àgbàdo tiwọn, àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbọ̀mà fún mi ní ọ̀sán yẹn, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo ń di irinṣẹ́ mi. Mo ṣí jọ́tà láti kọ ọjọ́ sí i, ni mo bá rí ohun tí mo kọ láàárọ̀. Ìyípo kan, sí òsì.

Mo dìde tí àga fi ṣubú. Ẹ̀rọ tí mo fi wo ògiri náà kì í ṣe irú èyí tí Jeomẹ́tà fi là á! Tirẹ̀ wọ́. Èmi ni mo tọ́ ọ, èmi aláìlègbọ́wọ́sílẹ̀, kí n tó fi wo ohunkóhun.

Mo sáré lọ bá Tántì ní ilé ìdáná. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, bí ọkọ yín bá ń wọnlẹ̀, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń wò ó ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì, lójú ọ̀tún àti lójú òsì, kí àléébù ẹ̀rọ lè hàn?"

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń bá a jà sí i. Á ní òun ò lè máa fura sí irin tó ń bọ́ òun."

"Ṣé ẹ̀rọ náà ti ṣubú rí?"

Ó ronú. Ó ní ó ti já bọ́ lẹ́yìn zémì, ọ̀kadà tiwọn, lọ́dún tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, kí wọ́n tó la ààlà. Ọkọ òun gbé e nílẹ̀, ó nu yanrìn kúrò lára rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì ń lò ó lọ.

Mo pe gbogbo ayé padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pé, wọn ò tíì lọ, wọ́n ń retí katapílà. Mo gbé ẹ̀rọ ka òkúta àárín, mo mú sukudíráfà, mo sì yí súkúrúù náà ní ìyípo kan sí ọ̀tún. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ba ojú ẹ̀rọ jẹ́. Mo wo iwájú. Mo da awò délẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn.

Okùn náà jókòó sórí òkúta ìkẹta gan-an, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Mo pe Èl-Hájì wá wò ó. Ó wò ó pẹ́. Mo ní, "Èyí ni ojú tí ó fi wo ilẹ̀ yín lọ́jọ́ náà. Ibi tó fi hàn án ló mọ ògiri sí. Ilẹ̀ yín wọnú tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ò mọ̀. Kò jí i."

Èl-Hájì fa ojú kúrò níbẹ̀, omi ti bo ojú náà. Ó ní, "Màdáàmù, ogún ọdún ni mo fi ń pe ọkùnrin yìí lólè. Mo pè é lólè lójú, mo pè é lólè lẹ́yìn. Mo ṣẹ̀."

Tántì ní, "Màá wó ògiri náà. Ẹ gba ilẹ̀ yín."

"Èmi? Kí ni màá fi ṣe? Mi ò fẹ́ ẹ."

"Ilẹ̀ yín ni."

"Mo ti fi fún un."

"Ó ti kú, Èl-Hájì, kò lè gbà á. Ẹ gba ilẹ̀ yín!"

"Lójú Ọlọ́run, Màdáàmù, mi ò ní gbà á!"

Wọ́n ja ìjà yẹn tó wákàtí kan. Àdúgbò pín sí méjì. Bàbá oníwèé ní bí wọn kò bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n fi fún òun. Ògiri náà kò kúrò níbi tó wà.

Kútẹ́ẹ̀sì pupa

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Tántì ní ògiri kò tọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ òun kì í ṣe olè mọ́, kí n máa gbé ẹ̀rọ lọ bí òun ti ṣèlérí. Inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ tí màá fi wé e, mo gbé e síwájú mi, kí n sì tó mọ ohun tí mò ń ṣe, sukudíráfà ti wà lọ́wọ́ mi, orí súkúrúù náà ló sì wà. Tántì di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò lágbára, ṣùgbọ́n mi ò lè mira.

Ó ní, "Bí ẹ bá tún un ṣe, ọkọ mi á padà di olè."

Mo fẹ́ ní mi ò ní tún un ṣe, màá gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Kò ní lo ọjọ́ méjì ní ṣọ́ọ̀bù mi kí ọwọ́ mi tó lọ síbẹ̀. Ó dùn mí, kí n sọ òótọ́. Ẹ̀rọ tó dára jù tí mo rí láyé mi nìyẹn, mo sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àìsàn rẹ̀ lára.

Orí Èl-Hájì ti wà lórí ògiri, ó ti ń gbọ́ wa. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin ń lọ sí Atakpamé. Níbí ni mo ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ẹnu mi ni mo sì fi bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu yẹn náà tún un ṣe."

Tántì sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó fi ìka nu eruku tí kò sí lára awò náà. Lẹ́yìn náà ó mi orí pé òun gbà.

Mo ní kí wọ́n wá ohun tí màá fi dí súkúrúù náà pa kí ẹnikẹ́ni má baà yí i. Obìnrin bọ̀tọ̀kọ́ìn fún mi ní kútẹ́ẹ̀sì pupa tó fi ń kun èékánná. Mo kán an sórí súkúrúù náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí mo fi ìṣọ́ra ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo wá kọ́ Èl-Hájì bí wọ́n ṣe ń wo àmì, bí wọ́n ṣe ń da awò délẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ó gbé ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta àti báàfù tí mo fi sílẹ̀ fún un, síwájú ìsọ̀ táyà rẹ̀, ó sì dá ọlọ́kadà tó ń kọjá lọ dúró. "Wá wo inú ibí yìí. Ó wọ́, àbí kò wọ́?"

Ọlọ́kadà náà wò ó, wọ́n yí i, ó tún wò ó. "Ó wọ́, Èl-Hájì."

"Voilà. Jeomẹ́tà kò jalè. Lọ sọ ọ́ níbi tí ò ń lọ." Ó tún dá obìnrin ẹlẹ́ja dúró. Ó dá olùkọ́ kan dúró. Ó dá àwọn méjì tó ń gbé àga dúró, ó ní kí wọ́n sọ àga wọn kalẹ̀ ná.

Tántì Àfí dúró lẹ́nu géètì rẹ̀, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ. Nígbà tí ẹni karùn-ún wí pé ó wọ́, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀.